Ọmọ Ajá Nílé Ọlọ́mọ Wẹ́wẹ́ Lásìkò Ọlidé

Tí sáà kẹta bá ti parí ní ìparí oṣù Keje, tí àwọn ọmọ ti mú èsì ìdánwò wálé, ariwo ilé máa ń yí padà. Kò sí jíjí ní aago márùn-ún ààbọ̀ mọ́, bọ́ọ̀sì ilé ìwé ò fọn fèrè lẹ́nu ọ̀nà mọ́. Yàtọ̀ sí lẹ́sìnnì tó ń gbà wọ́n fún wákàtí mélòó kan láàárọ̀, ọjọ́ yòókù di ti eré, ti ìjà lórí rìmóótù, àti ti "Mọ́mì, ebi ń pa mí." Àsìkò yìí gan-an ni ẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n ra ajá máa ń pọ̀ jù nílé ọlọ́mọ wẹ́wẹ́. Ọ̀pọ̀ bàbá a sì máa gbà, torí pé àwọn náà ń ro ti olè òru. Ló bá di pé ní Sátidé kan, ọmọ ajá wọlé nínú páálí, ó ń gbọ̀n, àwọn ọmọ mẹ́ta sì ń du ẹni tó máa kọ́kọ́ gbé e.

Ohun tí ọ̀pọ̀ òbí ń rò ni pé ajá ni àwọn máa kọ́. Ajá á kẹ́kọ̀ọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọmọ ni ẹ̀kọ́ náà kọ́kọ́ kàn, torí pé ohun tí ọmọ bá fi ọwọ́, ẹsẹ̀ àti ohùn rẹ̀ ṣe ni ọmọ ajá ń dáhùn sí. Ẹni tó bá kọ́ ọmọ rẹ̀ bí a ṣe ń bá ajá gbé ti kọ́ ajá náà dé ìdajì. Àgbà ló sì gbọ́dọ̀ wà láàárín àwọn méjèèjì. Iṣẹ́ yẹn kò ṣeé gbé lé ọmọdé lọ́wọ́.

Ìdí tí ọlidé fi bá a mu

Ọmọ ajá gbọ́dọ̀ pé ọ̀sẹ̀ 8 kó tó kúrò lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Nínú ọ̀sẹ̀ mélòó kan tó gbẹ̀yìn lọ́dọ̀ ìyá ló ń bá àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ jìjàkadì. Èyí tó bá ń fi eyín ṣe ìkà jù kò ní rẹ́ni bá a ṣeré mọ́, ibẹ̀ ló sì ti ń mọ bí eyín òun ṣe ń dunni tó. Èyí tí wọ́n bá tètè já lẹ́nu ọmú kò kọ́ ẹ̀kọ́ yìí. Ara àwọn ọmọ yín ló máa wá fi kọ́ ọ. Àwọn tó ń ta ajá lẹ́bàá títì sábà máa ń ní "ó ti pé oṣù méjì dáadáa." Ẹ má gba ọ̀rọ̀ ẹnu gbọ́. Ẹ la ẹnu ajá wò: èyí tó ti tó ọ̀sẹ̀ 8 sábà máa ń ní eyín àkọ́hù rẹ̀ 28 lẹ́nu, tó mú ṣóńṣó. Tí ẹnu bá ṣì ṣófo lẹ́yìn, ẹ jẹ́ kó padà sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Èyí tó dára jù ni pé kí ẹ rà á níbi tí ẹ ti lè fojú rí ìyá rẹ̀, kí ẹ rí i bí ìyá náà ṣe ń ṣe sí àlejò.

John Paul Scott àti John Fuller, àwọn onímọ̀ méjì tó fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe ìwádìí lórí ajá ní Bar Harbor, ìpínlẹ̀ Maine ní Amẹ́ríkà, gbé ìwé wọn jáde ní 1965. Wọ́n ṣàlàyé pé láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹta títí dé nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kejìlá ni ọkàn ọmọ ajá ṣí sílẹ̀ jù sí àwọn ohun tuntun. Ẹni tó bá bá pàdé nígbà yẹn, àti ariwo tó bá gbọ́ láìsí ìpalára, kì í bà á lẹ́rù bó bá dàgbà. Ọmọ ajá tó wọlé ní ọ̀sẹ̀ 8 kò ní ju oṣù kan lọ mọ́ nínú àkókò yìí. Nínú oṣù kan yẹn ló ti yẹ kó gbọ́ ohùn jẹnẹrétọ̀ àti ẹ̀rọ ìlọta, kó rí ọ̀kadà, agbòòrùn tó ṣí lójijì, obìnrin tó wọ hìjáábù, bàbá àgbà tó ń tẹ̀pá, àti ọmọ ọwọ́ tó ń sunkún. Tí gbogbo ilé bá wà lọ́lidé, ó rọrùn láti fi hàn án díẹ̀díẹ̀. Tí ilé bá ṣófo láti aago méje àárọ̀ dé aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ògiri ló máa mọ̀.

Ojú ọjọ́ pẹ̀lú ń ràn wá lọ́wọ́. Lẹ́yìn òjò ńlá oṣù Kẹfà àti Keje, òjò a máa fà sẹ́yìn díẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá nínú oṣù Kẹjọ. Atẹ́gùn á tutù, oòrùn kì í mú. Ajá kì í làágùn gbogbo ara bí ènìyàn, mímí hẹlẹhẹlẹ ló fi ń dín ooru kù, nítorí náà ó lè ṣeré níta lákòókò yìí ju ti oṣù Kejì tàbí Kẹta lọ. Kí òjò tó tún le nínú oṣù Kẹsàn-án, á ti mọ ibi tó ń yàgbẹ́ sí.

Ní ti irú ajá tí ẹ máa rà, ẹ wo ọmọ yín àti ààyè yín kí ẹ tó wo ohun tó wà lóde. Ajá onírun ńlá tí wọ́n ń kó wá láti ilẹ̀ olótùútù máa ń jìyà ooru níbí, ó sì lè ti ọmọ ọdún mẹ́ta ṣubú láìní in lọ́kàn. Ajá ìbílẹ̀ wa, onírun kúkúrú, tí ara rẹ̀ kò tóbi jù, ti mọ́ ilẹ̀ yìí lára tipẹ́. Òun náà a máa gbó tí ó bá gbúròó àlejò.

Ìmúrasílẹ̀ ilé

Ẹnu ni ọmọ ajá fi ń mọ ayé. Ohunkóhun tó bá wà nílẹ̀ ló máa tọ́ wò: sálúbàtà, wáyà ṣájà, bírọ̀, ẹsẹ̀ àga. Ẹ kó òògùn eku àti òtapiapia kúrò nílẹ̀ pátápátá; méjèèjì ló ń pa ajá, kódà eku tó jẹ májèlé lè pa ajá tó bá jẹ òkú rẹ̀. Ẹ bo gọ́tà tó ṣí sílẹ̀, ẹ sì wo abẹ́ géètì bóyá orí rẹ̀ lè gba ibẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá igun kan fún un, ìbáà jẹ́ abẹ́ àtẹ̀gùn tàbí ẹ̀yìn kíṣínì. Àpótí onípákó tí a dà dùbúlẹ̀, pẹ̀lú àkísà aṣọ tó mọ́ nínú, ti tó. Òfin ibẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: tí ajá bá ti wọ ibẹ̀, ọmọ kankan kò gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e, kò gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ wọ́ ọ jáde. Nínú gbogbo òfin tí mo máa kà sílẹ̀ nínú àròkọ yìí, èyí ló wúlò jù. Ajá tó ní ibi tó lè sá sí kò nílò láti fi eyín lé ọmọ dànù.

Ní ilé tí ayálégbé pọ̀ sí, ẹ kọ́kọ́ sọ fún lánlọ́ọ̀dù àti àwọn ará ilé. Àwọn aládùúgbò Mùsùlùmí tó ń ṣe àlùwàlá lágbàálá lè má fẹ́ kí itọ́ ajá kan aṣọ ìrun wọn. Ẹlòmíràn sì wà tí ajá ti gé jẹ nígbà èwe, tí ẹ̀rù rẹ̀ ò tíì kúrò lára rẹ̀. Tí ẹ bá fi ibi tí ajá kò ní kọjá hàn wọ́n kó tó dé, ẹjọ́ máa dín kù.

Ní ọjọ́ kejì tó bá wọlé, kí àwọn ọmọ tó gbé e káàkiri àdúgbò, ọ̀dọ̀ dókítà ẹran ni ẹ ń lọ. Ilé ìwòsàn ẹran wà ní Yunifásítì Ìbàdàn àti ní yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Abẹ́òkúta, ti ìjọba ìpínlẹ̀ àti ti aládàáni sì wà káàkiri. Dókítà á fún un ní abẹ́rẹ́ àjẹsára àkọ́kọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ 6 sí 8, á sì máa tún un ṣe ní ọ̀sẹ̀ 3 sí 4 síra wọn títí ajá yóò fi pé ọ̀sẹ̀ 16. Ìdí tí ẹ̀ẹ̀kan ò fi tó ni pé ààbò tó gbà nínú wàrà ìyá rẹ̀ lè pa agbára abẹ́rẹ́ náà, kò sì sẹ́ni tó mọ ọjọ́ tí ààbò ìyá máa tán lára ajá kọ̀ọ̀kan.

Àrùn tí wọ́n ń sá fún jù ni parvo, tó kọ́kọ́ gbòde káàkiri ayé ní 1978. Ó ń mú kí ajá máa bì, kó má jẹun, kó sì máa yàgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ tó ń rùn burúkú, ó sì lè pa ọmọ ajá láàárín ọjọ́ mélòó kan. Kòkòrò rẹ̀ lè wà nínú iyẹ̀pẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù, ìsàlẹ̀ bàtà sì lè gbé e wọlé. Nítorí náà, títí abẹ́rẹ́ yóò fi pé, ẹ má sọ ọmọ ajá sílẹ̀ níbi tí ajá àdúgbò ń yàgbẹ́ sí. Ẹ gbé e mọ́ra jáde, kó fi ojú àti etí mọ ayé láti ọwọ́ yín. Tí ajá kan bá ti kú nínú ilé náà tẹ́lẹ̀ látàrí ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀, ọṣẹ lásán kò pa kòkòrò náà. Jik ife kan nínú omi ife 30, tí a fi sílẹ̀ lórí ilẹ̀ tí a ti fọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ló lè pa á. Tí àmì yìí bá sì hàn lára ajá, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn, kí ẹ má dúró de àgbo.

Òru àkọ́kọ́

Kò tíì sùn láìsí ìyá rẹ̀ rí. Á sunkún, àwọn ọmọ á sì bẹ̀bẹ̀ pé kó wá sùn lórí bẹ́ẹ̀dì àwọn. Ẹ má gbà. Ọmọ tó ń yí lójú oorun lè tẹ ajá, ajá tó sì ta jí lójijì lè gé ohun tó bá wà níwájú rẹ̀ jẹ, ìyẹn sì lè jẹ́ ojú ọmọ. Àpótí rẹ̀ ni kí ẹ gbé sẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì àgbà fún òru mélòó kan. Ẹ rọ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sínú ike, ẹ fi aṣọ wé e, ẹ gbé e tì í, kó lè rí ohun tó móoru fara tì. Tó bá ké ní aago méjì òru, ẹ gbé e jáde, kó tọ̀, kí ẹ sì dá a padà láìbá a sọ̀rọ̀ púpọ̀, láìtan iná ńlá, láìṣeré. Nígbà tí oorun rẹ̀ bá ti dúró, ẹ máa sún àpótí náà díẹ̀díẹ̀ lọ sí igun rẹ̀.

Bí ọjọ́ kan ṣe ń lọ

Ohun tó máa ń ya àwọn ọmọ lẹ́nu ni pé ajá wọn ń sùn ṣáá. Ọmọ ajá lè sùn fún wákàtí 18 sí 20 nínú wákàtí 24. Èyí tí wọn kò bá jẹ́ kó sùn a máa ya wèrè nírọ̀lẹ́: á máa sáré kiri, á máa gé ẹsẹ̀ jẹ, wọ́n á sì ní ó ti burú. Oorun ló ń kùn ún.

Ọmọ ajá oṣù méjì kò lè mú ìtọ̀ mọ́ra ju wákàtí méjì sí mẹ́ta lọ, tó bá ń ṣeré kò tilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ìgbà mẹ́ta ló máa ń ṣe é dájú: tó bá jí, tó bá jẹun tán, àti tó bá ṣeré tán. Ní gbogbo ìgbà yìí, ojú kan náà ni kí ẹ gbé e lọ nínú ọgbà, kí ẹ dúró tì í, kí ẹ sì yìn ín lójú ẹsẹ̀ tó bá ṣe é tán. Tó bá tọ̀ sí pálọ̀, ẹ nù ún, ẹ fi omi ọṣẹ fọ ibẹ̀ kí òórùn má kù sílẹ̀. Àwọn kan máa ń ti imú ajá bọ ìtọ̀ rẹ̀ tàbí kí wọ́n nà án. Ohun tí ajá máa kọ́ níbẹ̀ ni pé kó má tọ̀ lójú yín mọ́, ẹ̀yìn àga ni ẹ ó sì máa bá a.

Tí a bá tò ó mọ́ ọjọ́ àwọn ọmọ, ó máa ń bára mu. Àgbà gbé ajá jáde ní aago mẹ́fà àárọ̀, kó tó fún un ní oúnjẹ. Bí àwọn ọmọ bá ń wẹ̀, tí wọ́n ń jẹun, ajá ti padà sùn. Àkókò lẹ́sìnnì ni ilé dákẹ́ jù, ìgbà náà ló dára láti fi ohùn ẹ̀rọ ìlọta tàbí ti jẹnẹrétọ̀ mọ̀ ọ́n láti ọ̀nà jíjìn, pẹ̀lú oúnjẹ díẹ̀ lọ́wọ́. Lọ́sàn-án, lẹ́yìn oúnjẹ, ọmọ àti ajá ń sùn, ní yàrá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Aago mẹ́rin sí mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni ti eré, ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá, kí ajá lè sinmi láàárín. Lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, kò sí eré sísá mọ́.

Iṣẹ́ ilé náà ṣeé pín. Ọmọ ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin lè gbé ike omi ajá tẹ̀ lé màmá rẹ̀. Ọmọ ọdún márùn-ún sí méje lè wọn oúnjẹ sínú abọ́, kó gbé e kalẹ̀, kó sì kúrò níbẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́jọ sókè lè máa kọ́ ọ láti jókòó. Ìgbẹ́ kíkó, òògùn lílò, àti mímú ajá jáde sí títì, ti àgbà ni.

Orúkọ náà ń fa àríyànjiyàn. Bàbá àgbà lè fẹ́ fi orúkọ ajá ṣòwe sí aládùúgbò bíi ti ayé àtijọ́, kó pè é ní Tanímọ̀la. Àwọn ọmọ á ní Bingo ni. Èyí ó wù kó jẹ́, kí gbogbo ilé gba orúkọ kan ṣoṣo, kí wọ́n má sì fi pè é sí ìbáwí. Ajá tó bá mọ̀ pé oúnjẹ tàbí eré ló ń tẹ̀ lé orúkọ òun á sáré wá nígbà tí géètì bá ṣí sílẹ̀.

Ẹ̀kọ́ tó kan ọmọ

Ẹ wo ọmọ ọdún mẹ́rin tó di ọmọ ajá mọ́ra lórí kápẹ́ẹ̀tì. Inú ọmọ ń dùn, màmá ti gbé fóònù síta láti ya fọ́tò. Ẹ wá wo ojú ajá. Ó ti yí orí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó lá imú ara rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí oúnjẹ nítòsí. Ó yán, bẹ́ẹ̀ ni kò tíì ṣe tán láti sùn. Etí rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ orí, funfun ẹyinjú rẹ̀ ti hàn létí, ara rẹ̀ le gbagidi. Ẹ̀bẹ̀ ni gbogbo èyí, ó ń ní kí ọmọ fi òun sílẹ̀. Tí ẹnikẹ́ni ò bá dáhùn, á kùn. Tí wọ́n bá sì lù ú nítorí pé ó kùn, ọjọ́ mìíràn kò ní kùn mọ́, eyín ló máa kàn. Ìdí nìyí tí àwọn òbí fi ń sọ pé ajá gé ọmọ jẹ "láìnídìí". Ìdí ti wà níwájú wọn tipẹ́.

Ohun tí a fi ń kọ́ ọmọ kò le. Kó jókòó sílẹ̀, kó jẹ́ kí ajá wá bá a fúnra rẹ̀. Kó fi ọwọ́ kan àyà tàbí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kó má na ọwọ́ láti òkè wá sórí rẹ̀. Kó fọwọ́ pa á lára, kó ka ení, èjì, ẹ̀ta, kó wá gbé ọwọ́ kúrò. Tí ajá bá sún mọ́ ọn, kó tún ṣe é. Tó bá dúró sójú kan tàbí tó rìn lọ, eré ti parí nìyẹn. Ọmọ tó lè kà dé ẹ̀ta ti lè kọ́ èyí. Kò sí fífa ìrù, kò sí gígùn bí ẹṣin, kò sí gbígbé e dìde lórí ìdúró. Orí ìjókòó nìkan ni kí ọmọdé ti gbé ajá, torí pé egungun rẹ̀ kò tíì gbó, ṣíṣubú láti ọwọ́ ọmọ lè ṣẹ́ ẹ lẹ́sẹ̀. Kò sì sí fífọwọ́ kàn án tó bá ń jẹun tàbí tó bá ń sùn.

Ní ti gígé jẹ, gbogbo ọmọ ajá ló ń ṣe é, ó sì máa ń le sí i láti nǹkan bí oṣù kẹrin, nígbà tí eyín àkọ́hù bá ń ká, tí eyín 42 ti àgbà ń hù. Bí ọmọ bá ké, tó sá lọ, tó ń ju apá, eré ló dé ojú ẹ̀ fún ajá, á lé e. Eré kan wà tí àwọn ọmọ fẹ́ràn: ẹ pè é ní "Di igi." Tí màmá bá ti sọ bẹ́ẹ̀, gbogbo ọmọ á dúró ṣinṣin, á ká apá mọ́ra, á wo òkè, á pa ẹnu mọ́. Ẹ máa fi ṣeré láìsí ajá ná, kó lè mọ́ wọn lára. Ajá kì í bá ohun tí kò mira ṣeré pẹ́. Á kúrò níbẹ̀. Ìgbà náà ni àgbà á ju aṣọ tí a ta kókó fún un, kó rí ohun tó lè jẹ lẹ́nu. Eré yìí kò tán sí ilé. Ọmọ tó mọ̀ ọ́n á rí i lò lọ́jọ́ tí ajá tí kò mọ̀ bá dojú kọ ọ́ lọ́nà.

Òfin àgbà wá ni pé kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́fà má dá wà pẹ̀lú ajá, ìbáà ṣe ìṣẹ́jú tí ẹ fẹ́ fi lọ yí ọbẹ̀ lórí iná. Tí ẹ bá ń lọ, ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì ń bá yín lọ.

Oúnjẹ, aràn àti eégbọn

Ẹ̀ẹ̀mẹta sí ẹ̀ẹ̀mẹrin lóòjọ́ ni ọmọ ajá ń jẹun títí yóò fi tó nǹkan bí oṣù mẹ́rin. Ẹ̀bà lásán kò lè kọ́ egungun àti ẹran ara. Kí ẹja, ẹyin tàbí ẹran wà níbẹ̀, tàbí kí ẹ ra oúnjẹ ọmọ ajá tí wọ́n ń tà. Ìṣòro tó wà nínú ìyókù oúnjẹ wa ni ọbẹ̀. Àlùbọ́sà àti aáyù, tútù tàbí sísè, ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́. Egungun adìyẹ sísè máa ń fọ́ sí ṣóńṣó, ó lè gún un nínú ìfun. Ẹ sọ fún àwọn ọmọ pé ṣokoléètì, èso àjàrà gbígbẹ àti ṣíngọ́ọ̀mù tí kò ní ṣúgà kì í ṣe ohun tí à ń bá ajá pín, kí ẹ sì sọ fún bàbá àgbà pé obì náà ní ohun tó lè ṣe ajá ní jàǹbá.

Ọ̀pọ̀ ọmọ ajá ni a bí pẹ̀lú aràn, torí pé aràn tó sùn sínú ẹran ara ìyá máa ń jí nígbà oyún, á wọ inú ọmọ. Nítorí náà ni wọ́n fi ń fún un ní òògùn aràn láti ọ̀sẹ̀ kejì, ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì síra wọn, títí dé ọ̀sẹ̀ 12. Aràn náà kì í bọ̀wọ̀ fún ènìyàn: ẹyin irú kan ń gba ẹnu ọmọ tó ń fi iyẹ̀pẹ̀ ṣeré wọlé, èkejì ń gba awọ àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọ tí kò wọ bàtà. Ṣùgbọ́n ìgbẹ́ ọjọ́ náà kò tíì lè ranni. Èyí tó ń gba awọ wọlé nílò ọjọ́ mélòó kan, èyí tó ń gba ẹnu tilẹ̀ nílò ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó tó di ewu. Ẹni tó bá ń kó ìgbẹ́ ajá lójoojúmọ́ ti ṣẹ́gun wọn. Ọwọ́ fífọ̀ pẹ̀lú ọṣẹ kí ọmọ tó jẹun ló máa parí ìyókù.

Eégbọn máa ń sá sínú ògiri tó sán, ibẹ̀ ló ti ń yé ẹyin, nítorí náà kò tó láti ṣa á kúrò lára ajá nìkan. Ẹ wo inú etí rẹ̀, àárín ọmọ ìka rẹ̀ àti abẹ́ apá rẹ̀ lálaalẹ́. Tí ara rẹ̀ bá gbóná, tí èrìgì rẹ̀ funfun, tí ìtọ̀ rẹ̀ sì pọ́n dúdú, àrùn eégbọn ti wọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ọ̀dọ̀ dókítà ló kàn. Ẹ má fi òtapiapia tàbí kẹrosíìnì wẹ̀ ẹ́ láé.

Dìgbòlugi

Àjọ Ìlera Àgbáyé fojú bù ú pé nǹkan bí ènìyàn 59,000 ni àrùn dìgbòlugi ń pa lọ́dọọdún, pàápàá ní Éṣíà àti Áfíríkà. Ajá ló ń kó èyí tó pọ̀ jù ran ènìyàn, tó 99 nínú ọgọ́rùn-ún. Nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn tí ẹranko tí a fura sí gé jẹ, nǹkan bí 40 ni ọmọ tí kò tíì pé ọdún 15. Tí àmì rẹ̀ bá ti hàn lára ènìyàn, ikú ló sábà máa ń yọrí sí. Abẹ́rẹ́ sì lè dènà rẹ̀ pátápátá: ọmọ ajá máa ń gba tirẹ̀ ní oṣù mẹ́ta, a sì máa ń tún un ṣe lọ́dọọdún tàbí bí dókítà bá ṣe sọ.

Tí ajá èyíkéyìí bá gé ọmọ jẹ, tàbí tó ha á léèékánná títí ẹ̀jẹ̀ fi jáde, omi tó ń ṣàn àti ọṣẹ ni, fún ìṣẹ́jú 15 gbáko. Ẹ má fi epo, ata tàbí ewé sí ojú ọgbẹ́. Lẹ́yìn náà, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, kí dókítà pinnu lórí abẹ́rẹ́, èyí tí wọ́n ń fúnni léraléra fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Kí ẹ má fi ọ̀kankan sílẹ̀. Kí ẹ má yára pa ajá náà: kí wọ́n tì í mọ́lé, kí dókítà ẹran sì máa wò ó fún ọjọ́ mẹ́wàá. Ẹ sọ fún àwọn ọmọ pé ẹni tí ajá bá gé jẹ kò ní jẹ ìyà. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń fi ojú eyín pamọ́ nítorí ẹ̀rù pàṣán, ìṣẹ́jú 15 yẹn sì ti kọjá lọ kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀.

Nígbà tí ilé ìwé bá fẹ́ wọlé

Ajá tó fi gbogbo ọlidé wà láàárín ènìyàn máa dàrú lọ́jọ́ Ajé tí ilé bá ṣófo lójijì. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú. Ẹ fi í sílẹ̀ nígun rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ tí a ta kókó, kí gbogbo ilé jáde fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ padà wọlé láìpariwo. Lọ́jọ́ kejì, ìṣẹ́jú ogún. Ẹ máa fi kún un títí yóò fi di wákàtí díẹ̀. Ẹ wá ẹni tó máa wọlé lọ́sàn-án láti fún un lóúnjẹ, kó sì jẹ́ kó jáde. Ẹ̀wọ̀n tí a so mọ́ igi láti òwúrọ̀ dé alẹ́ kì í sọ ajá di akíkanjú, ó ń sọ ọ́ di ẹlẹ́rù, ajá ẹlẹ́rù ló sì ń gé ọmọ jẹ. Bí àwọn ọmọ bá dé láti ilé ìwé, kí wọ́n kọ́kọ́ bọ́ yunifọ́ọ̀mù, kí wọ́n "di igi" títí ajá yóò fi rọlẹ̀, kí ìkíni tó bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ ajá tó wọlé ní ọ̀sẹ̀ 8 ní ìparí oṣù Keje máa pé ọ̀sẹ̀ 12 ní ìparí oṣù Kẹjọ, nígbà tí abẹ́rẹ́ dìgbòlugi máa ń kàn án, á sì pé ọ̀sẹ̀ 16 ní ìparí oṣù Kẹsàn-án, nígbà tí ti parvo ń parí. Nígbà náà, ilé ìwé ti wọlé, owó ilé ìwé ti gbọ́n àpò gbẹ, àwọn ọmọ sì ti padà sídìí ìwé wọn. Abẹ́rẹ́ tó gbẹ̀yìn yìí ló rọrùn jù láti gbàgbé. Ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án ni Ọjọ́ Dìgbòlugi Àgbáyé, ẹ lè fi ọjọ́ náà ṣe àmì lórí kàlẹ́ńdà. Kí ẹ tó ra ajá rárá, ẹ bi ara yín léèrè ta ló máa gbé e lọ gba abẹ́rẹ́ ọ̀sẹ̀ 16, ta ló máa kó ìgbẹ́ rẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé tí bọ́ọ̀sì ilé ìwé bá ti ń fọn fèrè. Tí orúkọ tó jáde bá jẹ́ ti ọmọ ọdún mẹ́jọ, ẹ ní sùúrù di ọdún tó ń bọ̀.